Ọjọ́ Mélòó Nínú Omi? Pupuru, Ọ̀nà Ore àti Àwọn Ohun Tó Ń Gbé Inú Ìfun Wa

Bí a bá dárúkọ Ore fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ogun ló máa kọ́kọ́ rántí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Ìpínlẹ̀ Midwest, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó títí wọ́n fi dé Ore. Ibẹ̀ ni ìrìn wọn pin sí. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pe ohun tó bá le kọjá bó ṣe yẹ ní "ó le kú, ìjà Ore." Bí a bá dárúkọ ìlú kan náà fún akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ohun tó máa rántí ni bọ́ọ̀sì tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti nasẹ̀ àti láti jẹun, àti àwọn tó ń kiri ọjà lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀. Ogun àti oúnjẹ ojú ọ̀nà, ohun méjì tí a mọ Ore sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kan wà ní àyíká ibẹ̀, láti Odigbo títí dé Òkìtìpupa àti etí òkun, tí ọ̀pọ̀ nínú èrò inú bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kò tíì tọ́ wò rí. Pupuru ni.

Ohun tó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ariwo tó ń lọ lórí fóònù gbogbo wa nípa ìfun. Ó ti di àṣà báyìí kí ẹnìkan gbé ìgò kimchi, ewébẹ̀ kíkan àwọn ará Korea, sójú kámẹ́rà, kó ní òun fi ń tún ikùn òun ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfo pátápátá. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń jẹ́ Cell. Wọ́n mú àgbàlagbà 36 tí ara wọn dá, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 10 tọ́jú oúnjẹ wọn. Apá kan ń jẹ oúnjẹ tó kún fún fáíbà: ẹ̀wà, èso, ewébẹ̀, ọkà tí wọn kò bó. Apá kejì ń jẹ yógọ́ọ̀tì, kefir, kimchi àti àwọn ewébẹ̀ kíkan mìíràn, wọ́n tún ń mu omi ewébẹ̀ náà. Àwọn apá kejì yìí ni oríṣi bakitéríà inú ìfun wọn pọ̀ sí i, tí èròjà 19 nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú èyí tó ń fi hàn pé ara ń bá ara rẹ̀ jà lábẹ́nú, sì lọ sílẹ̀. Àwọn tó jẹ fáíbà kò rí irú ìpọ̀sí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 10 náà.

Kíá ni àwọn ọmọ Yorùbá máa ń dáhùn sí irú ìròyìn báyìí pé àwa náà ní tiwa. Fùfú ń kan, ògì ń kan, gàrí ń kan, irú ń rùn, kí la tún ń wá lọ sí Korea? Inú wa dùn sí ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó pàtẹ́wọ́. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi kì í ṣe nítorí ìfun. Nítorí kí oúnjẹ má bàa pa èèyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pupuru fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wa ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á sì kó o sínú omi, yálà nínú ìkòkò ńlá, nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí létí odò. Ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń lò níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí omi náà á fi máa yọ ìfófó, tí òórùn rẹ̀ á sì ti dé ilé kejì. (Ẹni tó bá ń yínmú sí òórùn yìí, kó lọ bi àwọn ará Faransé léèrè nípa wàràkàṣì wọn.) Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀ débi tí ìka lè wọnú rẹ̀, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yọ okùn àárín rẹ̀ dànù, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí kí omi ara rẹ̀ ró kúrò. Títí dé ibí yìí, ẹni tó ń ṣe fùfú lè máa bá wọn lọ. Ibi tí pupuru ti yà ni iná. Wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ìṣù rìbìtì rìbìtì, wọ́n á tò ó sórí àjà òkè ààrò, wọ́n á sì máa dáná sí abẹ́ rẹ̀ kí èéfín máa fẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, tí á sì dúdú. Ọjọ́ mélòó kan ni èyí náà. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á ha ara dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á funfun, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á wá rò ó nínú omi gbígbóná bí ẹni ń ro àmàlà. Èéfín kì í tán lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ló ni ín jù, wọ́n sì máa ń fi ọbẹ̀ marúgbó tó dúdú bí aró àti ẹja tútù tàbí ẹja yíyan jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹja yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etí òkun Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ó pẹ́ gan-an létíkun kí ó tó di oúnjẹ gidi fún àwọn ará òkè. Àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ pé àwọn Àgùdà ló ṣí ọ̀nà fún un: àwọn ẹrú tó gba òmìnira ní Bùràsíìlì tí wọ́n sì padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900, tí wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Wọ́n ti kọ́ bí àwọn ará Bùràsíìlì ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan án. Gàrí tí gbogbo wa ń mu ní họ́sítẹ̀lì ní orírun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn gàrí kò tó láti ṣàlàyé pupuru, nítorí pé nínú pupuru wọn kì í rin nǹkan kan. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ́, rírẹ sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ẹ̀gẹ́ tó dé. Wọ́n ti ń fi ọkà bàbà ṣe ògì kí àgbàdo, tí òun náà ti Amẹ́ríkà wá, tó gba ipò rẹ̀. Wọ́n ti ń se irú, wọ́n ti ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbá títí tó fi ń fà. Lójú tiwa, àlejò tó ń jẹ́ ẹ̀gẹ́ bá àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń dúró de oúnjẹ pàdé nínú ilé, ìyẹn ló jẹ́ kó rí ibi jókòó. Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn ará òkè mìíràn ní àpáta àti oòrùn, nítorí náà wọ́n sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sórí àpáta, ó di láfún. Ẹni tó bá ń gbé inú igbó kìjikìji gúúsù Ore, tàbí nínú ilé orí òpó ní etí omi Ìlàjẹ, ibo ló ti máa rí oòrùn tó dúró ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìrọ̀jò? Àwọn tó ti ń yan ẹja sórí èéfín láti ìgbà láéláé kò ní ronú jìnnà kí wọ́n tó gbé ẹ̀gẹ́ sí ibi kan náà.

Májèlé ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linamarin. Èròjà kejì tó lè fọ́ ọ, linamarase, wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé, bí orogún méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ nínú agboolé kan. Ìgbà tí ara ẹ̀gẹ́ bá fọ́ ni wọ́n máa ń kanra, sáyánáìdì á sì jáde. Nínú omi, àwọn bakitéríà ló ń sọ ara ẹ̀gẹ́ di rírọ̀ tí àwọn méjèèjì fi ń pàdé. Sáyánáìdì náà á yọ́ sínú omi, a ó sì da omi náà nù; èyí tó bá ṣẹ́kù á fẹ́ lọ, nítorí pé bí ooru bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 26 Sẹ́síọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ni ó ń dà. Iná abẹ́ àjà pupuru kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfun ti kọ́kọ́ wọlé nìyí, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn oníkimchi rò. Bí èèyàn bá jẹ ẹ̀gẹ́ tí linamarin ṣì kù nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde bó ṣe wọlé. Díẹ̀ mìíràn á dé ìfun, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á fọ́ ọ, sáyánáìdì á sì jáde nínú ara. Iṣẹ́ tí bakitéríà inú dúrọ́ọ̀mù kò bá parí, ti inú ìfun á bá wa parí rẹ̀, níbi tí a kò ti fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọmọ Yorùbá kan ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú tí etí wọn sì ń di. Ó tẹ̀ lé àìsàn náà dé abúlé. Ọ̀sọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ibi tó ti ṣiṣẹ́, ní òpópónà kan náà tó lọ sí Ore. Ní ọdún 1968 ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Brain, ó sì so àìsàn náà mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore tó pọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹja tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: èròjà tí ara fi ń pa oró sáyánáìdì, inú ẹja, ẹran, ẹyin àti irú wọn ló ti ń rí i. Ní ọdún 2000, O. S. A. Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìsàn náà kò tíì kúrò ní Ọ̀sọ̀sà.

Ìtàn tó dẹ́rù bà wá jù ti Kóńgò wá, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Zaire. Ní agbègbè Bandundu, àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní konzo ń ká ẹsẹ̀ àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé mọ́lẹ̀ lójijì, kì í sì í sàn. Àwọn olùwádìí bíi Banea, Tylleskär àti Rosling wá ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni ọ̀nà. Wọ́n ti la títì ọlọ́dà dé ibẹ̀ láti Kinshasa. Àwọn oníṣòwò ń fi ọkọ̀ ńlá wá ra ẹ̀gẹ́, owó ń wọlé, ọjà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ wá ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan. Wọn kò yí irúgbìn padà, wọn kò yí odò padà. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n yọ kúrò.

Àwa kò pariwo àìsàn lé Ore lórí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìtàn Bandundu tí kò ní rántí ìlú tí títì Èkó sí Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé? Kò sí ọjà tó lè dàgbà níbẹ̀ tí ọkọ̀ àjàgbé kì í ké sí. Gàrí tó dé Èkó lónìí ló ń pawó lónìí. A sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń yan gàrí: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń fọ́ ara ẹ̀gẹ́ dáadáa, nítorí náà púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí omi ń ṣe fún pupuru, ẹ̀rọ ti ṣe é fún gàrí kí ó tó wọnú àpò. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n rin láàárọ̀, tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n yan lálẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó sùn ọjọ́ mẹ́ta. Ahọ́n pàápàá mọ̀. Ìdí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ń kan nìyẹn, ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ gàrí mímu fi ń wá a kiri. Pupuru ní tirẹ̀ kò ṣeé sáré ṣe. Ẹ̀gẹ́ tí kò bá rọ̀ kò ṣeé fọ́, kò ṣeé mọ, á dúró lórí àjà bí òkò. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi tà dé òkè tó bíi gàrí.

Nípa àwọn bakitéríà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí àkọ́kọ́. Ní ọdún 1959, P. Collard àti S. Levi ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kọ sínú ìwé Nature pé ìpele méjì ni gàrí fi ń kan: bakitéríà kan á kọ́kọ́ sọ sítáàṣì di ekan, lẹ́yìn náà ni olú wẹ́rẹ́ kan, Geotrichum candidum, á wá fún un ní òórùn àti adùn rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, Nduka Okafor ní ọdún 1977 wà lára wọn, rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ inú àpò yẹn pọ̀ jù méjì lọ. A. A. Akinrele, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, to àwọn tó wà nínú ògì lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1970. S. A. Odunfa ní Ìbàdàn kọ nípa ti irú ní ọdún 1981, níbi tí àwọn Bacillus ti ń jọba. Àwa tó ń kọ́ microbiology nínú wa ń ka orúkọ wọ̀nyí fún ìdánwò, a kì í sì í sábà rántí pé inú ìkòkò àwọn ìyá wa ni wọ́n ti bu ohun tí wọ́n gbé sábẹ́ awò náà.

Ǹjẹ́ àwọn bakitéríà yìí ń dé ìfun wa láàyè? Ẹ má bínú, púpọ̀ wọn kì í dé. Kimchi, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Yógọ́ọ̀tì, tútù ni. Pupuru ti lo ọjọ́ mélòó kan lórí èéfín kí wọ́n tó tún rò ó nínú omi tó ń hó. Gàrí ti kọjá nínú agbada gbígbóná, fùfú ń jiná lórí iná, irú ń hó nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta pupuru gẹ́gẹ́ bí "probiotic" ilẹ̀ Oǹdó ń ta ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ kimchi nínú oúnjẹ wa ni ohun tí a kì í kà sí oúnjẹ: omi orí ògì, tí àwọn kan ń pè ní omídùn. Tútù ni wọ́n ń bù ú. Òun ni wọ́n fi ń rẹ egbòogi, òun ni àwọn ìyá àgbà ń fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú. Ní ọdún 1994, D. K. Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK. Wọ́n fi bakitéríà tí wọ́n ṣà, tó lè dojú kọ àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kan ògì náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fi omi ògì rọ́pò omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí omi ń tán lára rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn ìyá àgbà náà kò kàn ń dárà. Ẹmu ọ̀pẹ náà ń wọlé láàyè, ṣùgbọ́n a ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn nítorí àwọn òbí tó ń kà wá.

Ọ̀nà kejì tí oúnjẹ wa fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará inú ìfun kì í ṣe nípa gbígbé bakitéríà lọ, nípa bíbọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Ní ọdún 2010, Carlotta De Filippo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbẹ́ ọmọ 14 láti abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti ọmọ 15 láti Florence ní Ítálì. Jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni àwọn ti Boulpon ń jẹ, oríṣi bakitéríà inú wọn sì pọ̀ ju ti àwọn ọmọ Ítálì lọ, pàápàá àwọn tó mọ bí a ṣe ń tú fáíbà. Ní ọdún 2015, Stephen O'Keefe ṣe ohun tó le ju bẹ́ẹ̀: ó fi ọ̀sẹ̀ méjì pààrọ̀ oúnjẹ fún ogún aláwọ̀ dúdú ní Pittsburgh àti ogún ará abúlé ní Gúúsù Áfíríkà. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá péré, ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi àmì rere hàn, ti àwọn ará abúlé tó ń jẹ ẹran àti ọ̀rá sì ti ń bàjẹ́. Funmilola Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn fi àwọn Bassa tó ń gbé ní ìgbèríko wé àwọn ará ìlú ńlá ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, ìyàtọ̀ sì wà láàárín wọn gidigidi. Orílẹ̀-èdè kan náà ni o.

Sítáàṣì tí wọ́n sè tí ó sì tutù máa ń le padà débi pé ikùn kò lè dà á tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù á sọ̀ kalẹ̀ sí ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á sì fi ṣe oúnjẹ, wọ́n á tú èròjà butyrate sílẹ̀, èyí tí ara ìfun fúnra rẹ̀ fi ń gbéra. Ẹ wo ẹ̀kọ tútù inú ewé tí àwọn àgbà máa ń fi ẹ̀fọ́ jẹ láàárọ̀. Ó ti kan, wọ́n ti sè é, ó ti sùn mọ́jú, ó ti le. A kò tíì rí ẹni tó gbé e sójú kámẹ́rà.